Ẹ Pa Ìwé Dé Níbi Tó Dùn Jù: Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Ìtàn Ọmọdé Kọ́ni Níta

Ìwé ìtàn ọmọdé tó dá lórí ẹranko, igi tàbí òjò, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kà kí ẹ tó kó àwọn ọmọ jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni kí ẹ ti pa ìwé dé. Ọmọ tó ti gbọ́ bí ìtàn ṣe parí kò ní ohun tó ń wá níta mọ́, eré ni yóò máa sá kiri. Èyí tí ìtàn ṣì ń jẹ lọ́kàn ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò tú ewé gbígbẹ wò, tí yóò sáré padà wá pè yín. Orí ìyẹn ni gbogbo ètò yìí dúró lé: ìwé á béèrè, ọmọ á jáde lọ fojú ara rẹ̀ wò ó, lẹ́yìn náà ẹ ó jọ ṣí ìwé padà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

Ọmọ ọdún 5 sí 9 la ní lọ́kàn níhìn-ín, kíláàsì tí ọmọ bí 30 wà nínú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ju igi máńgòrò kan tàbí méjì àti ìdí ògiri tí koríko hù sí. Ìyẹn ti tó. Sáà ẹ̀kọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ìṣẹ́jú 35 lọ́nà méjì, náà ti tó.

Ìwé wo ni kí ẹ mú?

Ohun tí ìwé náà ń sọ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú 5. Èyí ló ṣáájú ohun gbogbo, àní ó ṣáájú ẹwà àwòrán. Ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lórí àtẹ ní Èkó àti Ìbàdàn, òjò dídì ilẹ̀ òkèèrè ló kún inú wọn, àti ẹranko tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè rí láéláé nídìí ilé wọn. Wọ́n dára fún kíkà lálẹ́. Wọn ò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbín, alángbá, èèrà, ọ̀kùn, labalábá, ọ̀pọ̀lọ́, ẹyẹ ẹ̀gà, tàbí irúgbìn tó ń hù. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook ní àwọn ìwé pẹlẹbẹ ní èdè Yorùbá tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ sì tẹ̀ jáde sórí pépà; ẹ ka àṣẹ tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbà yín láàyè láti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní àdúgbò yín.

Fún ọmọ ọdún 5 sí 6, ìwé tí gbólóhùn 1 tàbí 2 wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, èyí tí ẹ lè ka ìdajì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5. Àwọn ọmọ ọdún 7 sí 9 lè jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ẹ gbé ìwé náà sára ògiri, kí ẹ fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 4. Bí ẹ kò bá rí àwòrán náà dáadáa láti ibẹ̀, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kò ní rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹsẹ̀. Èèrà, tata àti labalábá ní ẹsẹ̀ 6, alántakùn ní 8. Àwọn ayàwòrán tó ń fún alántakùn ní ẹsẹ̀ 6 pọ̀. Ẹ má sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù o! Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 8, kí ẹ má sọ ohunkóhun fún wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ka ẹsẹ̀ alántakùn ìdí fèrèsé fúnra wọn. Inú wọn á dùn dé ọrùn nígbà tí wọ́n bá padà wá bá ìwé wí.

Níbi tí kò bá sí owó ìwé, àlọ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò”: ẹ pa á fún wọn, kí ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá pín ẹ̀wà fún wọn lẹ́yọ lẹ́yọ kí wọ́n fi ojú wá tìróò náà. Ẹ gbin ẹyọ méjì méjì sínú ife oníke tí ẹ ti lu nísàlẹ̀, kí ó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Láàárín ọjọ́ 3 sí 6 ó yẹ kó yọrí. Bí kò bá hù, ohun méjì ló sábà máa ń fà á: omi pọ̀ jù tí ẹ̀wà fi rà, tàbí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ rántí pé ẹ̀wà ọjà lè ti gba òògùn kòkòrò, nítorí náà kí ọmọ kankan má fi í sẹ́nu, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ rin ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ká lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní wákàtí kan náà gan-an tí ẹ máa kó àwọn ọmọ jáde. Wákàtí náà ṣe pàtàkì. Ìgbín tó wà lára ògiri ní aago 7 àárọ̀ ti wọ abẹ́ ewé ní aago 10. Alángbá ní tirẹ̀, oòrùn ló ń dúró dè, kì í jáde dáadáa títí di bí aago 9 àbọ̀. Ẹni tó bá lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ tó wá kó ọmọ jáde láàárọ̀ lè má bá nǹkan kan.

Bí ẹ ṣe ń wá ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa wá ohun tó lè pa wọ́n lára. Ẹ gbójú sókè wo abẹ́ òrùlé àti ẹ̀ka igi bóyá ilé agbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ ń tò kọjá. Ẹ wo ara ọgbà onígi bóyá yèrèpè fà sí i: èso rẹ̀ tó ti gbẹ ló burú jù, nítorí atẹ́gùn lásán lè gbọn irun rẹ̀ sí ọmọ lára. Bí èsìsì bá wà, ẹ fi okùn pupa so igi mọ́ ọn, kí ẹ fi han gbogbo ọmọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kànga ò ti ní ìdérí, ibi tí ìgò fífọ́ wà, òkìtì ikán àtijọ́ tó ní ihò, ẹ má kó ọmọ débẹ̀ rárá, torí ejò fẹ́ràn irú òkìtì bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín àwọn ọmọ 30 sí ọ̀nà 5, ọmọ 6 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlagbà 3 ó kéré tán wà níta. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba okùn tó gùn ní mítà 4 àti díẹ̀ fún kókó, pẹ̀lú igi kéékèèké 4 tí wọ́n ó fi ta okùn náà sílẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ojú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1 nìyẹn. Inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa wá nǹkan. Láìsí okùn yìí, gbogbo ọmọ 30 ni yóò rọ́ lọ síbi tí ọmọ kan bá ti pariwo pé òun rí nǹkan, wọ́n á sì tẹ nǹkan náà pa. Ẹ tún mú ike tó mọ́ gaara méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá bó bá wà, pẹ́ńsù, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20, ọṣẹ méjì, àti agogo tí wọ́n mọ̀ pé bó bá ti dún, kí oníkálukú padà sórí ẹní.

Jíjókòó àti kíkà

Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti kàwé, kì í ṣe inú oòrùn. Bí oòrùn bá kọjú sí àwọn ọmọ, wọn ò ní lè la ojú wò yín. Bó bá sì tàn sórí pépà dídán, àwòrán á parẹ́ mọ́ wọn lójú. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí ìdí igi ńlá kí ohùn yín má bàa fọ́n lọ sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní ní ìlà 2 tó tẹ̀ bí ọ̀ṣùmàrè. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há ojú ewé méjèèjì tí ẹ bá ṣí, atẹ́gùn ò ní lè ṣí i kọjá. Bí kíláàsì yín bá tó ọmọ 60, ẹ má gbìyànjú láti kà á fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì á máa fi okùn wọn ilẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kejì nígbà tí ìdajì tó kù ń gbọ́ ìtàn, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀.

Ìgbín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ìwé ìgbín ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbín kì í sá lọ, kì í sì í ta ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni kí ẹ fi sí. Ìgbín 5 ni ẹ nílò, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ wá wọn ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi wọ́n sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé tútù, kí ẹ de agbọ̀n náà mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ìgbín lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, yóò sì ti ìdérí tó fúyẹ́ kúrò lóru.

Ẹ ka ìwé náà títí dé ibi tí ìgbín ti bọ́ sínú wàhálà, bóyá ẹyẹ ló fẹ́ gbé e, bóyá òjò ló gbá a. Ẹ pa ìwé dé. Ẹ wá béèrè pé: “Ṣé ìgbín lè bọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ kó sá lọ, bí ẹni tó bọ́ ẹ̀wù?” Kí àwọn tó gbà nawọ́, kí àwọn tí kò gbà náà nawọ́, kí ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ẹ má sọ ẹni tó gbà á. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dìbò yóò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Níta, ẹ gbé ìgbín lé orí ike tó mọ́ gaara, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ibí yìí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ á máa fọwọ́ kàn án, ìgbín á wọlé ṣinṣin, wọ́n á ní ó ti kú. Kò kú, ariwo, oòrùn àti ọwọ́ gbígbẹ ló lé e wọlé. Ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ pọ́n díẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ dúró. Bó bá ti jáde, kí wọ́n ka ìwo rẹ̀: 4 ni. Àwọn méjì gígùn tó wà lókè ni ojú rẹ̀ wà lórí wọn. Méjì kúkúrú tó wà nísàlẹ̀ ló fi ń tọ́ ọ̀nà wò. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ méjì gbé ike náà sókè kí àwọn tó kù wò ó láti abẹ́. Wọ́n á rí i bí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fì bí ìgbì omi, láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa rí bó ṣe ń ṣe é.

Kí wọ́n wá fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti lórí iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú tó fi rìn ín níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí iyanrìn ó sábà máa ń dúró tàbí kó yà, nítorí iyanrìn ń fa omi yíyọ̀ tó fi ń rìn gbẹ. Ẹ kìlọ̀ gidigidi lórí iyọ̀. Ọmọ kan á ti gbọ́ nílé pé iyọ̀ ń mú ìgbín yọ omi, á sì fẹ́ dán an wò. Ẹ sọ fún un pé iyọ̀ ń fa omi ara rẹ̀ jáde títí tó fi kú, pé alààyè ni, pé a yá a ni.

Ìdáhùn ìbéèrè wọn nìyí, ṣùgbọ́n àwọn ni kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti sọ ọ́: ìgbín ò lè bọ́ ilé rẹ̀. Ó so mọ́ ọn lára, ó sì ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n tọ́ka sí ìlà tó yípo lára ìkarahun, àti ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ níbi tó ti ń fi kún un. Àwọn tó ń sin ìgbín máa ń lọ èèpo ẹyin sínú oúnjẹ rẹ̀ fún ìdí yìí, kí ìkarahun lè le. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, yóò wọlé, yóò fi ohun funfun bíi pépà dí ẹnu ilé, yóò sì sùn títí òjò á fi padà.

Kí ẹ tó ṣí ìwé padà, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, gbogbo ọmọ, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Aràn kan wà tí ìgbín máa ń kó láti inú ìgbẹ́ eku, tó lè pa ọpọlọ ènìyàn lára bó bá gba ẹnu wọlé. Ìgbín tí ẹ mú nínú igbó, ibi tí ẹ ti mú un ni kí ẹ dá a padà sí lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra: òfin ibẹ̀ kò gbà kí ènìyàn tọ́jú ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà láìgba àṣẹ, nítorí ó ń ba oko jẹ́. Ìgbín kéékèèké tí ẹ bá bá nínú ọgbà yín lẹ́yìn òjò yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn ìwé mìíràn

Ìwé labalábá gba sùúrù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá igi ọsàn. Lórí ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, kòkòrò kan máa ń wà tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tó bá kéré, tó ń di àwọ̀ ewé bó bá dàgbà. Bí ẹ bá fi koríko tọ́ ọ lórí, yóò yọ ìwo rírọ̀ méjì tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń rùn. Ẹ fi í sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò, kí ẹ máa pààrọ̀ ewé ọsàn lójoojúmọ́ láti ara igi tí wọn ò fín òògùn sí, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i kó lè fara so. Bó bá ti so ara rẹ̀ tó sì le, labalábá á jáde ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Nínú ìwé ọmọdé, kòkòrò yìí máa ń jẹ ohun gbogbo tó bá rí. Ẹ fi ewé máńgòrò lọ̀ ọ́ kí àwọn ọmọ rí i pé kò ní jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tó bá fò, òwe “labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ” di iṣẹ́ kíkọ: kí ni ẹyẹ ní tí labalábá ò ní?

Alángbá ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ àti àyè mítà 4. Kí wọ́n máa fa ìlà kan sórí pépà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá mi orí, fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dá akọ tó lórí pupa mọ̀. Òwe wa sọ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Kí wọ́n lọ wò ó bóyá gbogbo ìgbà ni. Ẹyẹ ẹ̀gà rọrùn níbi tí ọ̀pẹ bá wà. Akọ ló ń hun ilé náà láti ara imọ̀ tó ń fà ya, abo á wá wò ó, èyí tí abo kò bá fẹ́, akọ á tú u palẹ̀ kó tún hun òmíràn. Ilé ẹ̀gà tó ti já bọ́ ni kí ẹ fún wọn kí wọ́n tú, kì í ṣe èyí tó wà lórí igi. Patanmọ́ kò gba ju ìṣẹ́jú 20 lọ: kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí wọ́n ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó tún là. Omi tó wà nídìí ewé ló ń sá kúrò lójijì tí ewé fi ń pa dé. Ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, ẹ kìlọ̀.

Pípadà sínú ìwé

Nígbà tí wọ́n bá ti jókòó padà, ẹ ka ìyókù ìtàn náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan sójú pátákó: apá kan fún “ohun tí ìwé sọ”, apá kejì fún “ohun tí ojú wa rí”. Ìjàpá ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ojú wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìgbín ní ìwo 2 nínú àwòrán. Ojú wa rí 4. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ìtàn burú nítorí pé ẹranko ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ àlọ́ àti èyí tó jẹ́ ohun tí a lè lọ wò.

Kí àwọn náà wá ṣe ìwé. Ẹ ká pépà A4 mẹ́ta sí méjì, kí ẹ gán an láàárín: ojú ewé 12 nìyẹn, èèpo iwájú, èèpo ẹ̀yìn, àti ojú ewé méjì méjì tó kọjú síra fún ẹgbẹ́ 5. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya tiwọn sórí pépà ìdajì A4 kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé tó ti di gígán lé wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á máa jà. Ọmọ tí kò tíì lè kọ̀wé, kó sọ ọ́ kí ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn.

Èdè ni iṣẹ́ tó wúlò jù níbẹ̀. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun fún un. Iṣẹ́ yẹn kò tíì tán. Bí ọmọ bá rí kòkòrò tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó ya á, kó mú àwòrán náà lọ bá ìyá àgbà nílé. Bí orúkọ méjì bá ti ìlú méjì wá, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ sì kọ ìlú tó ni wọ́n sí i.

Àwọn ohun tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́

Àwọn ilé kan wà tí ẹranko kan jẹ́ èèwọ̀ fún, àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n ti kọ́ láti bẹ̀rù òwìwí tàbí ọ̀gà. Ẹ má fi agídí mú wọn fọwọ́ kàn án. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, kó dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Àwọn òbí á ráhùn nípa ẹrẹ̀. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 ṣáájú pé kí ọmọ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó sì mú aṣọ àtijọ́ wá, kí ẹ béèrè nínú ìwé náà bóyá oyin tàbí agbọ́n bá ta ọmọ náà, ṣé ara rẹ̀ máa ń wú ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí òjò bá dé ní ààárín iṣẹ́, ẹ lu agogo, kí gbogbo wọn wọlé. Bí àrá bá ń sán, ẹ má dúró sábẹ́ igi.

Ìwé ló ń jìyà jù. Inú ọ̀rá ni kí ẹ máa gbé e jáde. Bí omi bá kan ojú ewé, ẹ má sá a sóòrùn, yóò ká kò. Ẹ fi pépà ìròyìn sáàárín ewé tó tutù, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e, kí ẹ pààrọ̀ pépà náà lárọ̀ọ́ àti lálẹ́ títí tí kò fi ní mú omi mọ́.